Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Sáré Dé Oǹdó

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni lára aago ògiri Ìyá Àgbà, ní òwúrọ̀ ọlidé Ìtúnu Ààwẹ̀. Àwa mẹ́ta la wà ní àgbàlá ilé náà ní Oǹdó: Ìyá Àgbà tó bí bàbá mi, tó jókòó sórí àpótí tó ń ṣa ẹ̀wà, Màmá Kọ́yà, aládùúgbò rẹ̀, tó yà wá kí i láti ìdájí tí kò sì tíì lọ, àti èmi, Akin, ọmọ-ọmọ tó wá lo ìsinmi, tí mo ń wọ́n omi sílẹ̀ kí n tó gbálẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ kí n tó rí ènìyàn. Ẹsẹ̀ náà ń bọ̀ kíákíá láti ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ń ró pà, pà, pà. Bàbá mi, tí mo fi sílẹ̀ ní Àkúrẹ́, já wọ àgbàlá pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Iyọ̀ òógùn ti gbẹ funfun sí i lójú. Kò kí ẹnikẹ́ni. Kò dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi sí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kankan kò sì jáde.

Ní ayé ìgbà yẹn, àgbà kì í sáré wọ ilé. Ọmọdé ló ń sáré. Bí àgbà bá sáré wọlé ní òwúrọ̀, tí kò kí ènìyàn, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ ti mọ irú ìròyìn tó gbé wá. Orúkọ ẹni tó kàn nìkan ló kù. Ìyá Àgbà dìde, àwo ẹ̀wà dojú dé. Ó ní, ‘Fẹ́mi, kí ló dé?’ Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè pé kó ní sùúrù. Ìyá Àgbà kò ní sùúrù. Ó ní, ‘Ta ni? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ìyá Akin ńkọ́?’ Àsìkò yìí gan-an ni èémí bàbá mi padà díẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ló sì ṣì ń dáhùn. Ó ní, ‘Kò sí.’ Ó fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan kan. Èémí tó rí kò gbé ìyókù jáde. Èdè Oǹdó ni wọ́n ń sọ, mo kàn ń kọ ọ́ bí gbogbo wa ṣe ń kọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ojú méjì kan náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ní lọ́hùn-ún bó ṣe ní i níbi. Bí a bá béèrè ọ̀ràn tí ènìyàn sì ní kò sí, àlàáfíà ni. Bí a bá béèrè ènìyàn tó sì ní kò sí, ó tán nìyẹn.

Màmá Kọ́yà ló kọ́kọ́ ké. Òun ló ń gbé ohùn òkè nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àwọn ènìyàn sì máa ń sọ pé bó bá ń kọrin, ẹni tó wà ní oko á dìde. Ó ká ọwọ́ lérí, ó ní, ‘Yéè! Ìyàwó ilé wa o!’ Ilé kejì gbọ́, wọ́n gba ẹkún náà láìbéèrè. Ilé kẹta gbà á lọ́wọ́ ilé kejì. Èmi dúró pẹ̀lú igbá omi lọ́wọ́. N kò sunkún. Títí di òní ló ṣì ń yà mí lẹ́nu pé n kò sunkún. Mo ń wo ìdí bàbá mi, pé omi tí mo wọ́n sílẹ̀ yóò rin ṣòkòtò rẹ̀, ìyá mi yóò sì bínú. Mo tún rò pé ìyá mi kò lè bínú mọ́. Ibẹ̀ ni inú mi ti dákẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá rì sínú odò tí kò gbọ́ ohun tí àwọn ará òkè ń sọ.

Ó yẹ kí n sọ bí bàbá mi ṣe di ẹni tó ń sáré. Káfíńtà ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni, ilé ń yọ níbi gbogbo bí olú, orí òrùlé ni bàbá mi sì ń gbé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó kan òrùlé fún ló sọ fún un nípa eré kan tí wọn yóò sá ní ìlú mìíràn, eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin, tí kì í ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ìwé nìkan, pé ẹnikẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé e lè wọ̀ ọ́. Ó ní bí ènìyàn bá kúrò ní Àkúrẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Oǹdó, bí eré náà ṣe jìn tó nìyẹn. N kò mọ ohun tó wọ bàbá mi lára. Kò fìgbà kan sọ. Ọkùnrin tí kò kọ́ eré lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tó ti bímọ, tó ń fi òòlù jẹun, bẹ̀rẹ̀ sí í dìde kí àkùkọ tó kọ, ó ń wọ bàtà kánfáàsì, ó ń sáré lọ sí Ọ̀bà-Ilé tó wà nítòsí, ó ń sáré bọ̀. Ìyá mi gbà fún un lórí àdéhùn kan ṣoṣo, pé eré náà kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìró tó máa ń jí mi nígbà yẹn ni ti omi tí bàbá mi ń dà sínú dúrọ́ọ̀mù, pẹ̀lú èémí rẹ̀ tí kò tíì wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí aránṣọ ni, nígbà tí ìyẹn bá sì ti ń lọ, mo mọ̀ pé ilé ti pé.

Ọ̀rọ̀ iyán ló fẹ́ bà á jẹ́. Bàbá mi sọ pé iyán alẹ́ máa ń wúwo lára òun lójú ọ̀nà ní ìdájí. Ìyá mi gbé odó sílẹ̀, ó wò ó. ‘Ẹ ò jẹ iyán?’ ‘Mo ti mu ẹ̀kọ.’ ‘Ọmọ Oǹdó tí kò jẹ iyán. Ṣé kí n ránṣẹ́ pe àwọn ènìyàn yín kí wọ́n wá wò yín?’ ‘Jọ̀ọ́, ó kàn ń wúwo ni.’ ‘Ó dáa. Ògiri ni mo gún un fún.’ Òun náà ni yóò sì bò ó mọ́lẹ̀ dè é di ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí bàbá mi yóò jẹ ẹ́ lórí òrùlé. Bàbá Onílé, àgbàlagbà tó ni ilé tí a ń gbé, máa ń dúró de bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Ó ní, ‘Fẹ́mi, a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí o kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé ọ. Èwo ni?’ Bàbá mi á ní, ‘Bàbá, èmi ni mò ń lé ara mi.’ Bàbá Onílé á tu itọ́ pákò sílẹ̀, á ní, ‘O ò ní bá a.’

Ní òwúrọ̀ ọlidé yẹn, kò sí òrùlé láti kàn. Bàbá mi ti pọn omi sílẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ó jáde bó ṣe máa ń jáde, kò sì sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí òun náà kò tíì mọ̀. Dípò ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé, ó kọrí sí ọ̀nà Oǹdó. Ó sọ fún mi ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà pé ara òun fúyẹ́ ni, pé gbogbo ibi tó yẹ kí òun ti yí padà, ẹsẹ̀ òun kò fẹ́ yí. Nígbà tó kọjá afárá Ọ̀wẹ̀nà, ó ní ilé ìyá òun ti wá sún mọ́ ju ilé òun lọ. Bó ṣe sáré wọlé tọ̀ wá wá nìyẹn.

Nígbà tí èémí rẹ̀ wá padà tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, gbogbo ohun tó sì sọ ló ń bà á jẹ́ sí i. Ó ní, ‘Ẹ dákẹ́, ara Ìyá Akin le. Ó ń sùn ni mo fi í sílẹ̀.’ Màmá Kọ́yà ní, ‘Ó sùn! Ẹ gbọ́, ó ti sùn!’ Bàbá mi ní, ‘Oorun lásán ni! Mo kàn sáré wá ni.’ Ìyá Àgbà ní, ‘Láti ibo?’ ‘Láti Àkúrẹ́.’ Àwọn ènìyàn ti kún àgbàlá nígbà náà, olúkúlùkù wọn ló sì mọ̀ pé mọ́tò ń ná ọ̀nà Àkúrẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Kí ni yóò mú ọkùnrin tó ní owó mọ́tò fi ẹsẹ̀ sá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀? Ẹnìkan sọ ọ́ lẹ́yìn mi, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, pé, ‘Ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú.’ Ìyá Àgbà sì mi orí. Ó ní, ‘Fẹ́mi, má tàn mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ fún mi nígbà tí bàbá rẹ lọ. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá díẹ̀ ni, pé kí n máa bọ̀. Mo dé, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́.’

Ohun tó há bàbá mi lọ́fun nìyẹn. Bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń túfọ̀ kì í là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Á ní kò sí nǹkan. Á ní ara onítọ̀hún le, ó ń sinmi ni. Á ní kí o kàn dìde kí ẹ jọ lọ. Kò sí ohun tí ẹni tó ń sọ òtítọ́ lè sọ lọ́jọ́ náà tí ẹni tó ń tan ọlọ́fọ̀ kì í sọ. Bó ṣe ń búra tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wò ó pẹ̀lú àánú tó. Nígbà tí ìyàwó èmi fúnra mi lọ, ẹni tó wá bá mi kò sáré. Ó rìn wá, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè àwọn ọmọ, ó gba omi, ó mu ún. Nígbà tó mu omi náà tán tó tún ń di ife náà mú, mo ti mọ̀. N kò ní sọ ju èyí lọ.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìyá Àgbà ń sunkún, ó sì rí ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, ó so aṣọ mi sínú ìdì, ó mú àgbàdá funfun kan tí ó jẹ́ ti bàbá bàbá mi jáde kí ọmọ rẹ̀ má baà wọ mọ́tò ní ìhòòhò, ó sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ dìde, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fà. Ọkùnrin méjì ló gbé e sínú mọ́tò Àkúrẹ́. Àwọn èrò rí i, ọ̀kan ní, ‘Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run yóò tù yín nínú.’ Bàbá mi pariwo pé, ‘Ìyàwó mi kò kú o!’ Gbogbo wọn kọjú sí fèrèsé. Mo jókòó láàárín òun àti Ìyá Àgbà. Ó tẹ̀ sí mi létí, ó ní, ‘Akin, ìwọ gbà mí gbọ́, àbí?’ Mo ní, ‘Bẹ́ẹ̀ ni, sà.’ N kò gbà á gbọ́. Nígbà tí a dúró ní Ọ̀wẹ̀nà, tí àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sáré wá sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, Ìyá Àgbà, tí kì í ra oúnjẹ ojú ọ̀nà fún ọmọ, tó ní ojúkòkòrò ló ń kọ́ wọn, ra ẹ̀ya ńlá kan, ó gbé gbogbo rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, ‘Jẹ ẹ́, ọkọ mi.’ Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé òótọ́ ni. Mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Ó dùn. Ìyẹn náà bà mí lẹ́rù, pé ó lè dùn.

A sọ̀ kalẹ̀ ní Àkúrẹ́, a sì yà sí àdúgbò wa. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo tẹ́tí sí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò dún. A rí iwájú ilé. Ìyá Ráṣídà, ayálégbé bíi tiwa, tó yẹ kó máa pín ìrẹsì ọdún ní àkókò yẹn, ti bo ìkòkò rẹ̀, ó jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa pẹ̀lú àwọn obìnrin bíi mẹ́fà. Wọ́n kàn jókòó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń jókòó nílé ọ̀fọ̀. Ìyá mi kò sí láàárín wọn. Mo wo bàbá mi. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ọkùnrin tó ti ń búra láti òwúrọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ó ní, ‘Ṣùgbọ́n ó ń sùn ni mo fi í sílẹ̀ o,’ kò sì jọ pé àwa ló ń sọ fún. Ìyá Àgbà fa gèlè rẹ̀ ya, ó fi igbe ta. Àwọn obìnrin náà yí ojú padà, wọ́n rí bàbá mi tó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ nínú àgbàdá funfun òkú, àwọn náà sì fi igbe ta. Ìyá Ráṣídà ké, ‘Súbúhánàláhì!’ ó sì subú lé ìkòkò ìrẹsì.

Igbe yẹn ló mú ìyá mi jáde láti inú yàrá. Orí rẹ̀ wà lásán, ojú rẹ̀ ti wú. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó rí bàbá mi, ó ké. Ìyá Àgbà rí i, òun náà ké. N kò mọ èyí tó ké ju èkejì lọ. Ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi kò padà sílé nígbà tó máa ń padà, oòrùn ti là, wọ́n wá a dé Ọ̀bà-Ilé wọn kò rí i, ẹnìkan sì ti sọ pé mọ́tò gbá ọkùnrin kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀nà. Bàbá Onílé àti àwọn ọkùnrin ilé ṣì wà níta, wọ́n ń wá òkú rẹ̀ kiri.

Ìyá mi sún mọ́ ọn. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, ‘Ìwọ. Níbo lo wà?’ Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí ìyá mi pe bàbá mi ní ìwọ. Bàbá mi ní, ‘Oǹdó.’ ‘Kí lo wọ̀ lọ?’ Bàbá mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. ‘Oǹdó yìí tí mo mọ̀?’ ‘Òun náà ni.’ Ìyá Ráṣídà, tó ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ìrẹsì wà ní gbogbo ara rẹ̀, ní, ‘Ìyá Akin, dúpẹ́. Ọkọ rẹ kò kú. Orí rẹ̀ ló dàrú.’ Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e, ẹ̀rín tó ń gbọ̀n bí ẹkún. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó di apá ìyá mi mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wò ó bóyá iṣu dára. Èmi kò lè sún mọ́ ìyá mi. Mo di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mo kàn ń wò ó. Mo rò pé bí mo bá fọwọ́ kàn án, kò ní sí níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí a jẹ ohun tó kù nínú ìrẹsì tán, bàbá mi dúró de ìdájọ́. Ó ti gbé kánfáàsì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fúnra rẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé wọn yóò gbà á. Ìyá mi ń ran gèlè Ìyá Àgbà tó ya. Ọmọ Àkúrẹ́ ni ìyá mi, ilé ni òun ń pè ní ulé, pàápàá bí inú bá ń bí i. Ó ní, ‘Bó o bá fẹ́, sáré dé Sókótó. Ṣùgbọ́n bó o bá dé ulé ẹnikẹ́ni, dúró sí ẹ̀yìnkùlé. Dúró níbẹ̀ kí èémí rẹ kọ́kọ́ padà. Kó o tó wọlé.’ Bàbá mi ní, ‘Mo gbọ́.’ Ó sá eré tó ń múra fún náà nígbà tó yá. Wọ́n ti ń ká àga nígbà tó dé, ó ní ẹnìkan pàtẹ́wọ́ fún òun, àwọn yòókù rò pé òun ń kọjá lọ ni. Àwọn ọ̀dọ́ ń sáré ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ báyìí, wọ́n ki nǹkan bọ etí, ẹnikẹ́ni kì í wò wọ́n. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọjú sí mi, mo ṣì máa ń dúró títí yóò fi kọjá.

Ilé-ìwé wọlé ní ọjọ́ kejì ọlidé náà, ọdún yẹn sì ni kí n bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi mú mi lọ, ó fà mí lé tíṣà lọ́wọ́, ó ní òun ń padà sílé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ lójú fèrèsé títí igi máńgòrò fi bò ó. Mo dúró pé yóò yọ ní òdì kejì igi náà. Mo rò pé ó pẹ́ jù. Tíṣà ń kọ nǹkan sára pátákó. Mo dìde, mo gba ẹnu ilẹ̀kùn, mo sáré. Wọ́n pariwo orúkọ mi lẹ́yìn, n kò wẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, títí wọ́n fi ní kí n ṣì wà nílé ná, àwọn ẹgbẹ́ mi sì ti ń kàwé dáadáa kí èmi tó mọ ABD. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, n kò tíì mọ èyíinì. Mo sáré dé ilé wa, mo sì gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. N kò wọlé. Mo yí sí ẹ̀yìnkùlé, mo fara ti ògiri, mo dúró títí àyà mi fi rọlẹ̀. Nígbà náà ni mo gba ẹnu ọ̀nà iwájú, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, ‘Ẹ káàárọ̀, mà.’